Àwọn Ọmọ Tí Mo Fi Bírò Kà

Ajé, 19 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ọyẹ́ ti la gbogbo ètè wa. Ìpàdé títí di aago mẹ́rin. Màdáàmù Akínbọ̀wálé ní kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kọ̀ọ̀kan lọ kí gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ nílé wọn kí sáà yìí tó parí. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè máa gbé láàárín àwọn méjì tí kò mọ ara wọn, pé ilé àti ilé-ìwé gbọ́dọ̀ máa kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó wá pín fọ́ọ̀mù olójú-ewé méjì fún wa.

Joy tí kíláàsì rẹ̀ fi ògiri kan tèmi pòṣé títí tí mo fi rò pé eyín ń dùn ún. Èmi náà bá a pòṣé kó má baà dá nìkan ṣe é, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo ń pa, inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí Rufus ọkọ mi ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, kò sí ẹni tó ń kí mi káàbọ̀ nírọ̀lẹ́, àfi tẹlifíṣọ̀n onílé tó ń pariwo lódìkejì ògiri. Ọmọ méjìdínlógún ló wà ní kíláàsì mi. Ilé méjìdínlógún tí wọn yóò ti sọ fún mi pé, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí."

Ọjọ́bọ̀, 22 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Hameedat sọ̀rọ̀! Láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ náà kò la ẹnu rí. Tí mo bá pe orúkọ rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lónìí ó fa síkáàtì mi, ó ní, "Àǹtí, bàtà mi ti bọ́." Mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ bàtà náà fún un bí ẹni pé ojoojúmọ́ la ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ sínú yàrá tí a ń kó ìwé sí, mo sunkún díẹ̀.

Ìwé yìí ni mo ń sọ ọ́ fún. N kò mọ ẹni tí màá pè lórí fóònù tí kò ní sọ pé, "Ṣé bàtà náà nìyẹn?"

Ìṣẹ́gun, 27 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Mo ti dé ilé márùn-ún. Àwọn òbí rò pé owó ilé-ìwé ni mo ń bá kiri. Bàbá Olúwatóbi ti na rìsíìtì sí mi kí n tó kí i tán. Ìyá Ìtùnú gbé àga fún mi, òun fúnra rẹ̀ sì dúró bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Mo ní, "Mà, ẹ jókòó, mo kàn wá kí yín ni." Ó ní, "Àǹtí, ẹ má fi pa mọ́ fún mi, kí ló ṣe?" Kò sí ohun tó ṣe. Àwọn olùkọ́ tó ti wà ṣáájú mi ló bà á jẹ́, wọn kì í lọ sílé ẹnikẹ́ni àfi tí ọmọ bá ti fọ́ nǹkan.

Àwọn ọlọ́kadà Ọ̀nà Oda ti tún fi owó lé e. Mo fi ẹsẹ̀ rìn wálé.

Ẹtì, 30 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ilé mẹ́rin lónìí. Ti Hameedat ni mo fi parí. Ọmọ Àkúrẹ́ gan-an ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ kó pákó láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, kò sí nílé. Nímọ́tà ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ọkọ rẹ̀, jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n fún mi ní omi, wọ́n bó ọsàn fún mi. Hameedat wá jókòó tì mí, ó sì di ìka mi kan mú. N kò fẹ́ dìde mọ́.

Nígbà tí mo dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè iye ọmọ inú ilé, Nímọ́tà ní, "Wọ́n wà, Àǹtí, a dúpẹ́." Mo tún un béèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló mọye. Ó ti rẹ̀ mí, ilẹ̀ sì ti ń lọ. Mo bá wo yíká, àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré, mo fi bírò nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ọmọ-ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Alájì ni ìkarùn-ún. Mo ní, "Márùn-ún," mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìyá Àgbà gbé àtẹ ẹ̀wà rẹ̀, ó wọlé lọ. Àsìkò ìrun ni, mo rò pé ó ń lọ kírun ni.

Fọ́ọ̀mù wọn kún dáadáa. Tiwọn ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti kọ.

Àìkú, 1 Èrèlé

Mo pe Bàámi ní Oǹdó lẹ́yìn ìsìn. Mo ń ròyìn ilé tí mo dé fún un, mo ń fọ́nnu, mo dé orí ti Hameedat.

Ó ní, "O kà wọ́n?"

Mo ní fọ́ọ̀mù ló béèrè.

"O nawọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ, o kà wọ́n lójú ìyá wọn?"

Mo ní bírò ni mo nà, kì í ṣe ọwọ́. Ó wá ní, "Monílọ́lá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé ìwé tí o kà ló gba èyí lọ́wọ́ rẹ ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ká ní Màámi ṣì wà láyé ni, ì bá ti fi ọmọ-orógùn kàn mí lórí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mo ń ka ọmọ ní kíláàsì, tí mo ń fi bírò nà wọ́n tí mo ń máàkì rẹ́jísítà, ó ti di mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé ìwà ilé-ìwé wọ ilé onílé bí ẹni tó wọ bàtà gun orí ẹní.

Ajé, 2 Èrèlé

Hameedat kò wá.

Ìṣẹ́gun, 3 Èrèlé

Kò wá.

Ọjọ́bọ̀, 5 Èrèlé

Joy pè mí sẹ́yìn ilé-ìwé lásìkò ìsinmi. Ó ní láti Àbámẹ́ta ni ara Alájì ti gbóná, gìrì mú un, wọ́n sì ti dá a dúró sí ọsibítù. Mo ní Ọlọ́run máà jẹ́. Joy ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé Nímọ́tà ṣòfò ọmọ ní Òkúdu tó kọjá ni? Ọmọbìnrin tó tẹ̀lé Hameedat. Wọ́n ní tíṣà wá ka àwọn tó kù."

N kò mọ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni Hameedat wọ kíláàsì mi. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ó ń tijú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi, n kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ẹtì, 6 Èrèlé

Mo po ògì, mo dà á sínú fúláàsì, mo gbé e lọ sí ọsibítù. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tí Nímọ́tà ti rí mi. Ó jáde wá bá mi. Ìró tó wọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ sílé wọn náà ló ṣì wà lára rẹ̀. Mo ti múra fún èébú, mo tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Kò bú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé," ó sì padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Mo gbé fúláàsì padà wálé. N kò lè mu ògì náà, n kò sì lè dà á nù.

Ọjọ́rú, 11 Èrèlé

Ọ̀rọ̀ ti rìn ká àdúgbò. Ìyá kan tí n kò tilẹ̀ mọ̀ fi ìborùn bo orí ọmọ rẹ̀ bí mo ti ń kọjá. Ìyá Ìtùnú tó gbé àga fún mi lọ́jọ́sí dúró sí ìta géètì báyìí, ó ń ti ọmọ rẹ̀ wọlé kí ó má baà kí mi. Ilé mẹ́sàn-án ló kù tí n kò tíì dé, n kò mọ èyí tí yóò ṣílẹ̀kùn.

Màdáàmù ní ìgbàgbọ́ àwọn ará àtijọ́ kò kan ilé-ìwé. Ó ní bí Hameedat kò bá padà di Ẹtì, 13 Ẹrẹ́nà, òun yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú rẹ́jísítà, òun yóò sì fi àyè rẹ̀ fún ọmọ mìíràn tó ń dúró. Mo ní, "Mà, ẹnu ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni." Ó ní òun ti gbọ́.

Àbámẹ́ta, 14 Èrèlé

Oǹdó. Mo wọ ọkọ̀ àárọ̀. Bàámi ti gbá àgbàlá dè mí, bí ẹni pé àlejò ni mí. Mo se iyán. Bàámi jókòó sídìí àwo tirẹ̀, mo jókòó sídìí tèmi, àwọn méjì tí dídá jẹun ti mọ́ lára tí wọ́n wá ń jẹ ẹ́ pọ̀. Àga Màámi ṣì wà níbi tó wà, a kàn kó aṣọ tí a ká lé e lórí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní, "Bàámi, ibà ni. Ẹ̀fọn ló fà á. N kò gbà pé bírò mi ló mú ọmọ náà ṣàìsàn."

Ó ní, "Ta ló ní kí o gbà?"

"Kí ni n óò wá lọ bẹ̀bẹ̀ fún?"

Ọdún márùndínlógójì ni Bàámi fi ṣe olùkọ́. Bí ọmọ kò bá lóye ìṣirò, á yọ awò ojú rẹ̀, á nù ún, kó tó tún un ṣe. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "O ṣe ohun tó dun ẹni nínú ilé rẹ̀. Lọ sọ pé o ṣe é. Ìyá àgbà ni kí o kọ́kọ́ bẹ̀, torí òun ló ni ilé. Má sì ṣàlàyé. Ẹ̀bẹ̀ kì í ní 'ṣùgbọ́n' nínú. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, o ti padà di tíṣà nìyẹn."

Inú bí mi. Mo lọ fọ àwo, mo fọ̀ ọ́ pẹ́.

Ọjọ́rú, 18 Èrèlé

Wọ́n ti dá Alájì sílẹ̀ ní ọsibítù! Joy ló gbọ́. Ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ooru mú púpọ̀, iná kò sì sí. Mo dúpẹ́ títí tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi.

Àbámẹ́ta, 21 Èrèlé

Mo lọ. Nímọ́tà rí mi láti ìdí ẹ̀rọ, ó dìde, ó bọ́ sí yàrá. Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn àgbàlá wọn. Mo ní, "Ìyá, mo ṣẹ̀ yín. Mo ṣe ohun tí a kì í ṣe. Ẹ foríjì mí." Àlàyé kún ẹnu mi bí omi gbígbóná, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Mo rí Hameedat lójú fèrèsé. Mo rẹ́rìn-ín sí i, kò rẹ́rìn-ín padà. Nígbà tí orúnkún mi ti kú, Ìyá Àgbà ní, "Dìde, Tíṣà. Ulẹ̀ gbóná."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kí wọn, mo sì lọ.

Àbámẹ́ta, 28 Èrèlé

Mo tún lọ. Mo kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà kò lé mi. Àpótí kékeré kan wà nítòsí, mo fà á mọ́ra, mo nawọ́ sínú àtẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta. Wọ́n wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n mú ẹ̀wà méjì tí mo ti jù nù, wọ́n dá a padà sínú àtẹ. Wákàtí kan àbọ̀ la lò nídìí àtẹ náà.

Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti bá ènìyàn jókòó báyìí. Bí mo ṣe délé ni mo ti ń retí Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ni mo ń lọ kí, kì í ṣe ẹni tí mo ṣẹ̀.

Àbámẹ́ta, 7 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀! Ó bá èmi àti Ìyá Àgbà níta. Ata tí wọ́n sá wà káàkiri lórí ẹní, a dìde pọ̀, a ń sáré kó o. Nímọ́tà náà sáré jáde. A kò ráyè wo ojú ara wa, ó di etí ẹní kan mú, mo di èkejì, a gbé e wọlé. Lẹ́yìn náà ó rántí, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà sí yàrá.

Ó ku èmi àti Ìyá Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò ń pariwo lórí páànù, wọ́n sì ń gbààwẹ̀, wọn kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Mo ní láti súnmọ́ wọn kí n tó gbọ́.

"Tíṣà, o rò pé nítorí àjẹ́ ni mo ṣe wọ ulé lọ lọ́jọ́ ùjọ́un? Mo ti dàgbà kọjá ùbẹ̀rù yẹn."

Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀."

"Ìyá wọn kò kà wọ́n sókè rí. Nínú ara rẹ̀ ló ti ń kà wọ́n, ẹ̀fà ló sì ń kà. Bó bá bu ọbẹ̀, ó ń bu ti ẹ̀fà kó tó dá ọ̀kan padà. Ìwọ dé, o kà á, o dúró ní márùn-ún. O pariwo rẹ̀ fún un nínú ulé ara rẹ̀."

Gbogbo àwíjàre tí mo ti tò sílẹ̀ láti oṣù kan, ẹ̀fọn, ibà, fọ́ọ̀mù, Màdáàmù, kò sí èyí tó wúlò. Ẹ̀bi náà kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ara ọmọ tó gbóná. Mo sunkún níwájú wọn. Ìyá Àgbà jẹ́ kí n sun ún tán, wọn kò ní kí n dákẹ́.

Kí n tó lọ, mo dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn yàrá Nímọ́tà. Mo ní, "Ìyá Hameedat, n kò mọ̀ nípa ọmọ yín. Ó yẹ kí n ti béèrè láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Ẹ má bínú." Mo gbọ́ tó ń fa ikun nínú yàrá.

Ìṣẹ́gun, 10 Ẹrẹ́nà

Mo ti ń lọ sí àwọn ilé tó kù. Wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, díẹ̀díẹ̀. N kò mú fọ́ọ̀mù jáde mọ́ àfi tí mo bá délé. Níbi iye ọmọ, ohun kan náà ni mo kọ fún gbogbo wọn: "Wọ́n wà, a dúpẹ́." Mo lọ pa márùn-ún inú fọ́ọ̀mù ilé Hameedat náà rẹ́.

Màdáàmù pè mí. "Monílọ́lá, ṣé iye nìyí?"

Mo ní, "Iye tí wọ́n sọ nìyẹn, Mà."

Ó wò mí títí. Ó ní kí n máa lọ. Kò yí ọkàn padà nípa ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́bọ̀, 12 Ẹrẹ́nà

Ọ̀la ni. Joy ní kí n lọ sọ fún wọn pé wọ́n fẹ́ pa orúkọ ọmọ wọn rẹ́. N kò lọ. Bí mo bá gbé ọjọ́ wá bá wọn báyìí, á dà bí ẹni pé rẹ́jísítà ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí. Inú mi kò dùn rárá.

Ẹtì, 13 Ẹrẹ́nà

Mo ti máàkì rẹ́jísítà tán. Mo ti fi àyè Hameedat sílẹ̀ láìfi nǹkan kan síbẹ̀. A ń kọrin nígbà tí àwọn ọmọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Àgbà ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá, nínú ààwẹ̀, Alájì wà lẹ́yìn wọn, Hameedat sì di ìró wọn mú nínú yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Joy dúró lẹ́yìn wọn ní ọ̀nà, ó yára wo ibòmíràn, mo sì mọ ẹni tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí orúnkún mi kanlẹ̀.

Wọ́n ní, "Bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú Alájì, wọ́n gbé e lé mi lẹ́yìn, wọ́n ń fi ọ̀já wé e mọ́ mi. N kò mọ bí a ti ń dì í. Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì, ọwọ́ mi ń wá ibi tí yóò ti mú un. Wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò, wọ́n fún ọ̀já náà fúnra wọn.

"Ẹni tó bá pọ̀n ọmọ kì í kà á mọ́," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ̀ ló ní kí n gbé e wá fún ọ. Uṣẹ́ rẹ dà? Máa ṣe é."

Wọ́n jókòó sórí àga ọmọdé, wọ́n ń wò mí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní orin, mo kọ́ wọn ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé, ọmọ lẹ́yìn mi. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Ó ń mí sí mi lọ́rùn. Hameedat jókòó sáyè rẹ̀, ó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi nìyẹn. Àǹtí ló pọ̀n ọ́n." Ó sọ ọ́ sókè, gbogbo kíláàsì gbọ́. Màdáàmù yọjú, ó rí Hameedat, ó rí ẹ̀yìn mi, ó sì padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a jáde fún ìsinmi, nǹkan gbígbóná kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn mi. Alájì ti tọ̀. Mo dúró gbagidi. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ tọ̀ sí ọ lára. Á kàn ọ́, Tíṣà, ní agbára Ọlọ́run." N kò lè ṣe àmín. Àwọn ọmọ kíláàsì ló bá mi ṣe é.

Ìyá Àgbà tú u, wọ́n pọ̀n ọ́n padà, wọ́n lọ. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́, ó sì tutù, títí a fi jáde nílé-ìwé.

Mo ti délé láti aago mẹ́ta. Tẹlifíṣọ̀n onílé ń pariwo. Omi wà nínú báfù, ọṣẹ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí, búláòsì náà ti gbẹ mọ́ mi lára, n kò tíì bọ́ ọ.